Ó Wọ Aṣọ Japan, Bàbá Gbé Ẹ̀bi Rẹ̀ Rù

Nivaldo fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Ó ní kí n má bu iyọ̀ sí i, kí n má sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ nítorí òun. Bó ṣe sọ ọ́ fún mi ni màá ṣe sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ̀yin ì bá ṣe.

Ọmọ Brazil ni. Ilé ìwé kan ní Ehime, lórílẹ̀-èdè Japan, ló mú un wá láti Paraná nítorí bọ́ọ̀lù, nígbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀. Kò gbọ́ èdè, kò mọ ẹnì kankan, òtútù sì fẹ́ pa á. Hyodo Tamotsu àti Kinue ìyàwó rẹ̀, àgbẹ̀ ọlọ́sàn tí Ọlọ́run kò fún lọ́mọ, ni wọ́n gbà á sílé. Ọ̀dọ̀ wọn ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń tẹrí ba, bí wọ́n ṣe ń já ọsàn láìha èèpo rẹ̀. Nígbà tó di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó, bí ìdíje bá ti parí lóṣù Kejìlá báyìí, ilé ló ń bọ̀ wá bá wọn kórè.

Tamotsu yìí, èèyàn pẹ̀lẹ́ ni, àmọ́ ó ní fáàrí tirẹ̀. Láràárọ̀ ló máa ń dúró pẹ̀lú àsíá yẹ́lò lẹ́bàá títì ìsàlẹ̀ òkè, tí á máa dá ọkọ̀ dúró kí àwọn ọmọléèwé lè kọjá. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún un. Láísẹ́ǹsì ọwọ́ rẹ̀ sì ní àmì góòlù, irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí kò rú òfin ojú títì. Ó fẹ́ràn láti máa yọ ọ́ fún àlejò wò.

"Bàbá, ẹ dá a padà sápò, a ti rí i," ni Nivaldo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"O rí i lóòótọ́," ni bàbá á sọ, "ṣùgbọ́n o ò ní irú ẹ̀."

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Nivaldo ti tọrọ pé òun fẹ́ di ọmọ Japan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ń wá adẹ́yìnmú tó ga, ojú rẹ̀ sì ti wà lára Nivaldo. Ṣùgbọ́n kò lè pè é títí ìwé á fi jáde. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wo irú èèyàn tó jẹ́: bó ṣe ń san owó orí, bó ṣe ń bá aládùúgbò gbé, bó ṣe ń wakọ̀. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni wọ́n fẹ́ wá wo ilé tó ń gbé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Nivaldo ń wa ọkọ̀ ẹrù kékeré Tamotsu bọ̀ láti orí òkè. Ẹ̀yìn ọkọ̀ kún fún ọsàn. Òun wà nídìí ọkọ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí awakọ̀ ń jókòó sí ní Japan, bàbá jókòó lápá òsì. Ni fóònù bá dún. Nivaldo wò ó: ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ni.

"Má gbé e," ni Tamotsu sọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n kàn wo ohun tó..."

Kò parí ọ̀rọ̀ tó fi gbọ́ gbàgà. Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ yọ̀, ọsàn ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀ títì.

Ìyá Ochi ni ó gbá, opó kan tó ń din àkàrà ẹja tà lẹ́bàá èbúté. Ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, níbi tí Tamotsu ti ń dúró pẹ̀lú àsíá rẹ̀ gan-an, ni ìyá náà ti ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Nivaldo bẹ́ sílẹ̀, ó sáré lọ kúnlẹ̀ tì í nínú omi. Ẹsẹ̀ ìyá náà ti ká síbi tí ẹsẹ̀ kì í ká sí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ìyá, ẹ má bínú! Ẹ dákun, ẹ má bínú!"

Lẹ́yìn náà ló rí i tí ọwọ́ kan gbá a lẹ́wù mú láti ẹ̀yìn. Tamotsu ni.

"Lọ dúró lápá òsì ọkọ̀."

"Bàbá?"

"Èmi ni mo wà á. Ṣé o gbọ́? Èmi ni."

"Rárá o, èmi ni mo..."

"Tí wọ́n bá gbọ́ pé ìwọ ni, ó ti parí nìyẹn. Ìwé parí, bọ́ọ̀lù parí. Èmi ti dàgbà, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Mo ní kí o lọ dúró síbẹ̀!"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ wà. Kò sẹ́ni tó fi okùn fa Nivaldo. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn yí iwájú ọkọ̀ po, tó lọ dúró lápá òsì nínú òjò. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé nígbà tí òun ń gbọ́ ariwo ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń bọ̀, kì í ṣe ìyá tó wà nílẹ̀ ni òun ń rò mọ́. Aṣọ búlúù ẹgbẹ́ Japan ni òun ń rò.

"Ta ló wakọ̀?" ni ọlọ́pàá béèrè.

"Èmi ni." Tamotsu tẹrí ba títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. "Ẹ̀bi mi ni pátápátá."

Wọ́n bi ìyá náà léèrè kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Ó wo Tamotsu, ó wo Nivaldo, ó di ojú rẹ̀. Ó ní òjò wọ òun lójú, òun ò rí nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ nìyẹn. Bí ìyà Tamotsu sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀. Àsíá yẹ́lò náà, òun fúnra rẹ̀ ló ká a, tó lọ dá a padà fún wọn nílé ìwé kí wọ́n tó sọ pé kó mú un wá. Àwọn ìyá ọmọ tí wọ́n máa ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gba òdì kejì títì kọjá. Lóṣooṣù, á wọ kóòtù dúdú, á ra páálí kéèkì ẹ̀wà pupa, á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Ìyá Ochi, á lọ tẹrí ba. Ẹsẹ̀ ìyá náà jinná, ṣùgbọ́n kò lè dúró pẹ́ nídìí iná mọ́. Ó ti pa ibi tó ti ń din àkàrà tì.

Kinue kò mọ nǹkan kan. Irọ́ tí wọ́n pa fún ọlọ́pàá náà ni wọ́n pa fún un. Òun ló wá ń bẹ aládùúgbò kó bá wọn kó ọsàn sọ̀kalẹ̀, òun ló ń tẹrí ba fún gbogbo àdúgbò, inú sì ń bí i.

"Ojú ti di bàìbàì, ẹ ò gbà!" Bó ṣe ń sọ fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jókòó yí ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná ká. "Ọmọ wà níbẹ̀, ọmọ tó lókun, tí ojú ẹ̀ ríran. Ẹ ò jẹ́ kó wakọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n wà jù! Agídí ọkùnrin!"

"Òótọ́ lo sọ," ni Tamotsu dáhùn, ó sì bu ẹ̀fọ́ sínú abọ́ rẹ̀.

Nivaldo gbé abọ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ó la ẹnu. "Ìyá..."

Tamotsu ta á nípàá lábẹ́ tábìlì.

"Kí ni?" ni Kinue béèrè.

"Ọbẹ̀ yìí dùn," ni Nivaldo wí.

Òṣìṣẹ́ ìjọba dé lẹ́yìn ọdún tuntun, ọkùnrin oníwà tútù kan. Ó wo ilé, ó mu tíì, ó bi àwọn aládùúgbò. Gbogbo wọn ló yin ọmọ náà. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún un pé, "Ọmọ yẹn kò ní ìṣòro. Bàbá tó ń bá gbé ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́." Nivaldo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò jáde.

Ìwé jáde. Ó di Hyodo Nivaldo, ó gba orúkọ ìdílé Tamotsu. Kinue se ìrẹsì ẹlẹ́wà pupa tí wọ́n fi ń ṣàjọyọ̀, ó bu ti Nivaldo kún fọ́ọ́fọ́ọ́. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè pè é. Ó dúró láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó kọ orin orílẹ̀-èdè láìgbàgbé ọ̀rọ̀ kan, ó sì fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n ní ìdajì kejì. Gbogbo pápá ń hó orúkọ Hyodo. Orúkọ ẹni tó ń gba ẹ̀yìn ilé kọjá ní Ehime kí àwọn ìyá ọmọ má bàa rí i.

Nígbà tó tẹ bàbá láago, ohun tí bàbá sọ ni pé: "O ga ju gbogbo wọn lọ. Ṣùgbọ́n irun rẹ ti gùn jù. Lọ gé e."

Òkìkí dé, àwọn oníròyìn tẹ̀ lé e. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan wá sí ìlú náà láti ṣe ètò nípa ìdílé tó tọ́ ọ. Wọ́n ya Tamotsu nínú oko ọsàn rẹ̀, ó fi tayọ̀tayọ̀ ṣàlàyé bí Nivaldo ṣe jẹ èèpo ọsàn lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan láàárín ìlú sọ fún wọn nípa ọ̀rọ̀ Ìyá Ochi. Lọ́jọ́ tí ètò náà jáde, Kinue wà nínú rẹ̀, òkè ọsàn wà nínú rẹ̀, ajá aládùúgbò pàápàá wà nínú rẹ̀. Tamotsu kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gé e dànù.

Nivaldo wà nílé lọ́jọ́ náà, ó jókòó tì í. Ojú ń tì í débi pé kò lè wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá sọ, ó dìde láti lọ wẹ̀. "Ojú mi ò bá tẹlifíṣọ̀n mu."

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí Nivaldo kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo bi í. Ó ní lójoojúmọ́ ni òun ń sọ pé ó di ọ̀la. Ìdíje kan á parí, òmíràn á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti sùn lórí irọ́ lẹ́ẹ̀kan, á rí i pé kì í ṣe ibùsùn tó le púpọ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń dun olúwa rẹ̀ tó bá pẹ́.

Oṣù Kejìlá mìíràn dé, ó bọ̀ wálé. Ẹ̀yìn ń dun Tamotsu gan-an lọ́dún náà, kò lè dìde lórí ibùsùn. Ọjọ́ tó máa ń lọ sílé Ìyá Ochi sì pé.

"Nivaldo á gbé e lọ," ni Kinue sọ.

"Rárá!" Tamotsu fẹ́ dìde, ẹ̀yìn gún un, ó padà sùn. "Màá lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ dákẹ́. Bí ọmọ bá bá bàbá ẹ̀ tọrọ àforíjì, kí ló burú níbẹ̀?"

Bí Nivaldo ṣe gbé páálí kéèkì nìyẹn. Ó ní ọ̀nà náà kò jìn, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni òun mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà lè wúwo.

Ìyá Ochi jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀ kan síwájú nítorí kò lè ká a mọ́. Ó wo ọmọ gíga tó tẹ orí wọlé.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá. Ẹ̀yìn ń dun Bàbá. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín."

"O wá bá ta ni tọrọ àforíjì?"

Nivaldo na páálí kéèkì sí i.

"Gbé páálí yẹn sọ́hùn-ún, kí o wá jókòó. Mi ò fẹ́ràn kéèkì ẹ̀wà láti kékeré. Gbogbo èyí tí bàbá yẹn ti ń kó wá, ọmọ aládùúgbò mi ló ń jẹ ẹ́. Ó ti sanra, kò lè sáré mọ́." Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. "Ní ọjọ́ náà, apá wo lo ti bọ́ sílẹ̀?"

"Ìyá..."

"Ojú rẹ ni mo kọ́kọ́ rí. Omi ojú rẹ ń kán sí mi lójú, ó gbóná ju òjò lọ. Bàbá yẹn ṣì wà nínú ọkọ̀ lápá òsì, tó ń bá bẹ́líìtì jà. Ṣé o rò pé ẹsẹ̀ tó kán ló ń fọ́ ojú?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ọlọ́pàá?"

"Torí Tamotsu wò mí. Àwọn ọmọ-ọmọ mi, òun ló dá ọkọ̀ dúró fún wọn títí wọ́n fi jáde ilé ìwé. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Ṣé kí n wá dójú tì í níwájú ọlọ́pàá ni? Mo ní kò burú, ọmọ yẹn á wá fúnra ẹ̀. Á fara balẹ̀, á wá. Oṣù kan, oṣù méjì. Mo ń retí rẹ, inú tẹlifíṣọ̀n ni mo ti ń rí ọ. Tí o bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, mo máa ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni màá wá wo ẹsẹ̀ mi. Ṣé o mọ bó ṣe máa ń rí lára?"

Nivaldo dojú bolẹ̀, ó fi iwájú orí kan ẹní.

"Èmi ni, Ìyá. Èmi ni mo wà á. Bàbá ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fóònù ni mò ń wò."

Ohun kan já bọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Nílùú yẹn, wọn kì í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án. Èèyàn á kàn ṣí i, á dúró síbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, á sì kígbe pé òun dé. Kinue ti ṣí i, kò kígbe. Ó ti gbé ọsàn tẹ̀ lé ọmọ náà kí òun náà lè wá tẹrí ba. Ó dúró láàárín bàtà, ọsàn wà nílẹ̀ yí i ká, ojú rẹ̀ funfun báláú.

"Ìyá," ni Nivaldo pè é.

"Má pè mí," ni Kinue wí. Ó yí padà, ó jáde.

Nígbà tí Nivaldo fi délé, Kinue ti dúró lé ọkọ rẹ̀ lórí.

"Ta ló wakọ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni," ni Tamotsu sọ.

"Mo ní ta ni!"

Tamotsu rí ọmọ náà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó mọ̀ pé aṣírí ti tú. Ó kọjú sí ògiri.

"Mo pè yín ní afọ́jú," ni Kinue sọ, ó bú sẹ́kún. "Lójoojúmọ́ ni mo ń bú yín. Mo ń bú yín níwájú rẹ̀, ó ń gbọ́, ó ń jẹun! Ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ẹ ń wò mí bíi wèrè!"

"Ká lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá," ni Nivaldo wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Tamotsu yára yíjú padà. "Kì í ṣe báyìí. Ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní ìdíje nígbà ìrúwé. Ká jẹ́ kó kọjá ná. Mo ti gbé e dé ibí, kí ló fẹ́ ṣe mí tí mo bá gbé e dé ìrúwé?"

Ibí yìí ni Nivaldo ti bẹ̀ mí pé kí n má fò ó. Ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn gbogbo ohun tó gbọ́ lẹ́nu Ìyá Ochi, ọkàn rẹ̀ tún fẹ́ ẹ.

"Bàbá ò purọ́," ni ẹnu rẹ̀ sọ. "Bóyá lẹ́yìn ìdíje náà..."

Kinue wò ó. Kò pariwo. Ó nu ojú rẹ̀, ó lọ mú kóòtù rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀.

"Bá mi gbé wọn dìde," ló sọ fún Nivaldo. "Tó bá di pé a máa pọ̀n wọ́n lọ, a ó pọ̀n wọ́n."

Nivaldo ló pọn Tamotsu lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá ń bẹ̀ ẹ́ létí títí wọ́n fi débẹ̀ pé kó dá òun padà. Nígbà tí ọlọ́pàá sì béèrè ohun tó gbé wọn wá, Tamotsu ló tètè dáhùn.

"Kò sí nǹkan kan, ọ̀gá. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Ní ti ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, èmi ni mo wakọ̀, mo sì ti sọ ọ́."

"Irọ́ ni," ni Nivaldo wí. "Èmi ni mo wà á."

"Kó má dà yín láàmú, ọ̀gá, ọmọ yìí fẹ́ gbà mí là ni."

Ọlọ́pàá náà wo bàbá, ó wo ọmọ, kò mọ èyí tó máa gbàgbọ́. Kinue ló tẹrí ba.

"Ẹ kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀," ló sọ. "Kí ẹ sì kọ ti ọkọ mi náà. Ó purọ́ fún ìjọba. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi."

Ìjọba kò gba ìwé ọmọ Japan lọ́wọ́ Nivaldo. Ó sanwó ìtanràn, wọ́n dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tó ń gbá fún. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kò pè é mọ́, ẹlòmíràn ló ń wọ aṣọ náà báyìí. Ó ní ìyẹn kọ́ ló dun òun jù.

Ohun tó dùn ún jù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí wọ́n jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá, tí Kinue lọ wá takisí. Nivaldo gbé bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó retí pé bàbá á bínú, tàbí á tù ú nínú. Kò ṣe èyíkéyìí.

"Mi ò bímọ," ni Tamotsu wí. "Mi ò lówó, oko yẹn pàápàá, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Orúkọ rere nìkan ni mo ní, mo sì fi fún ọ. Nígbà tí wọ́n bá ń wò mí lójú òdì, màá sọ lọ́kàn mi pé nítorí ọmọ mi ni. Inú mi máa ń dùn. Ṣé o mọ̀ pé inú mi máa ń dùn?" Ó nu imú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ìyẹn ti lọ. Láti òní, òpùrọ́ ni mí láàárín ìlú, ìwọ náà ò sì rí bọ́ọ̀lù rẹ gbá. Kí ló dé tí o jẹ́ kí n rù ú lásán?"

Ká ní Nivaldo ti sọ òótọ́ nínú òjò ọjọ́ àkọ́kọ́, ìtanràn lásán ni ì bá jẹ́, bóyá ọdún kan tàbí méjì tí ìwé á fi pẹ́ kó tó jáde. Nivaldo mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n sọ ọ́ fún yín, torí òun kò rí ẹni sọ ọ́ fún òun.

Ó ń lọ sílé Ìyá Ochi lóṣooṣù fúnra rẹ̀ báyìí, ìyá náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣàwàdà. Kinue ti ń bu oúnjẹ fún un. Tamotsu ń kí i, ó ń bi í bóyá ó sùn dáadáa, ó ń sọ fún un pé kó lọ gé irun. Ṣùgbọ́n títí di bí mo ti ń kọ èyí, bàbá kò tíì sọ pé òun dárí jì í, Nivaldo kò sì tíì láyà láti béèrè.